Orúkọ Tí Mo Gbọ́dọ̀ Pe

Padova, Sátidé, oṣù kẹta 1996

Àyè mi ṣì wà. Mo ń bá ikọ̀ wa lọ wá wúrà ní ìpẹ̀kun àríwá ayé, níbi tí yìnyín kì í tán. Ẹni tó bá wù kó máa bínú.

Níbi ìdánrawò lórí òkè Cuneo lánàá, mo rí i tí yìnyín ń là lábẹ́ ẹsẹ̀ professore, olórí wa. "Enzo!" ló yẹ kí n kígbe, bí a ṣe fi kọ́ra. "Ẹ jọ̀wọ́, sà..." ló jáde lẹ́nu mi. Kí n tó sọ ọ́ tán, wọ́n ti rì dé àyà. Okùn tó so wá pọ̀ àti apá mi ló fà wọ́n jáde. Apá yìí ò kéré!

Wọ́n gbọn yìnyín kúrò lára, wọ́n ní, "Lọ́hùn-ún, kí o tó kí mi tán, mo ti kú. Tí o kò bá lè pe orúkọ mi, jókòó sílé."

Ẹni tó dàgbà ju bàbá mi lọ!

Mo fóònù Bàbá ní Iléṣà láti cabina, àpótí fóònù ẹ̀gbẹ́ títì. Mo rò pé wọ́n máa gbèjà mi. Wọ́n ní, "Pe orúkọ rẹ̀, Délé. Tó bá jẹ́ èmi ni mo fẹ́ jìn sí kòtò, pe tèmi náà."

Mo ti kígbe "Enzo" nínú yàrá yìí títí aládùúgbò fi ń gbá ògiri. Ó ti mọ́ mi lẹ́nu.

Mo wá gbìyànjú ti Bàbá, jẹ́jẹ́ báyìí. Ẹnu mi kọ̀.

Àfi kí Bàbá má jìn sí kòtò.