Gbogbo Àsàlátù Ń Gbàdúrà fún Ọwọ́ Mi Tí Kò Dùn Mí

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi orúkọ mi hàn. Irọ́ ni mo pa, irọ́ náà sì ti dàgbà ju èmi tí mo bí i lọ... Ayàwòrán ni mí ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, mo sì ń kọ́ àwọn ọmọ iléèwé girama ní Fine Art. Alhaja kan wà lọ́nà Sábó tí wọ́n ń ta bírò àti ìwé. Èmi ni mo bẹ̀ wọ́n títí tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í kó canvas, ọ̀dà àti búrọ́ọ̀ṣì wá tà, torí kí n má bàa máa lọ Ìbàdàn. Wọ́n gbọ́ tèmi. Gbogbo ìgbà tí mo bá rajà ni wọ́n ń fi pẹ́ńsù kan ṣe èènì fún mi, ọmọ mi ni wọ́n sì ń pè mí.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé ọjà wọn ò dáa mọ́. Ọ̀dà á ti pẹ́ nínú ooru títí á fi ki bí ẹ̀kọ, búrọ́ọ̀ṣì á máa já irun sórí àwòrán mi... Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í order láti online. Ṣé ó wá yẹ kí n fẹnu ara mi sọ fún màmá tó kó ọjà nítorí mi pé ọjà wọn ò dáa? Mi ò lè sọ ọ́. Nígbà tí wọ́n pè mí pé àwọn ò rí mi mọ́, irọ́ kàn bọ́ lẹ́nu mi ni, mo ní ọwọ́ ọ̀tún ló ń dùn mí, pé dókítà ní mi ò gbọdọ̀ di búrọ́ọ̀ṣì mú.

Mo rò pé ó tán síbẹ̀ ni. Àṣé màmá yìí á wọ kẹ̀kẹ́ wá sílé mi! Wọ́n gbé òrí dání, wọ́n jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì mi, wọ́n ń fi òrí ra ọwọ́ mi, wọ́n ń ka kéwú sí i, bẹ́ẹ̀ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì yẹn gan-an ni canvas tí mo order wà... Ojú tì mí débi pé omijé bọ́, wọ́n rò pé ìrora ni. Wọ́n wá gbé orúkọ mi lọ sí àsàlátù wọn, èmi ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì! Gbogbo Sunday ni àwọn ìyá tí mi ò mọ̀ rí ń ṣe àmín sórí ọwọ́ tí nǹkan kan ò ṣe.

Àná ni wọ́n pàdé mi níbi tí mo ti ń dúró de ọkọ̀, wọ́n sì rí ọ̀dà ní èékánná mi. Àyà mi já, mo ní wọ́n ti ká mi mọ́ ọn. Àfi bí wọ́n ṣe pariwo Alhamdulillahi! Wọ́n dì mọ́ mi lẹ́bàá títì, wọ́n ní àdúrà ti gbà, kí n wá sí àsàlátù lọ́la, kí n na ọwọ́ náà sókè kí gbogbo ẹgbẹ́ rí i. Wọ́n tún ní àwọn ti ránṣẹ́ sí Ìbàdàn pé kí wọ́n kó canvas àti ọ̀dà púpọ̀ sí i wá fún mi...

Ẹ̀yin èèyàn mi, ṣé kí n lọ jẹ́rìí èké níwájú Ọlọ́run ni? Bí mo bá jẹ́wọ́, ojú wo ni màmá yìí á fi wo àwọn ẹgbẹ́ wọn? Bí mo bá dákẹ́, ta ló fẹ́ ra ọjà yẹn? Mi ò fẹ́ pàdánù wọn, mo nífẹ̀ẹ́ wọn gidi gan-an ni. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pè mí báyìí, wọ́n ní àwọn ti rẹ ẹ̀wà sómi fún àkàrà sàráà ọ̀la. Ẹ gbà mí o, kí ni kí n sọ fún wọn?