Bàbá Mi, Ẹ Wá Sọ fún Wọn Pé Ẹ Kò Rán Mi

Bàbá mi, ẹ kú ilé o. Mo kúnlẹ̀ kí n tó mú kálàmù, bí ẹ kò tilẹ̀ rí mi. Mo kí ìyá mi. Mo kí ẹ̀gbọ́n mi Mùfú, tí yóò ka èyí sí yín létí ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ yín lẹ́bàá réluwéè Ifọ̀. Ẹ má bínú pé inú ìwé ìròyìn lẹ ti ń gbọ́ ohùn mi. Wọ́n ní ẹ kì í jẹ́ kí wọ́n ṣí lẹ́tà mi, ṣùgbọ́n ìwé ìròyìn yìí, ẹ kì í fi kíkà rẹ̀ ṣeré.

Iṣẹ́ tí mo wá ṣe ní Ìbàfọ̀ yìí, ẹ ti sọ pé iṣẹ́ ẹni tí kò níṣẹ́ ni. Ọ̀gá mi, òyìnbó arúgbó kan, ń wá ibi tí labalábá ńlá dúdú alámì àwọ̀ ìyeyè ti ń yé ẹyin. Ewé igi orín ata ni labalábá náà ń fẹ́. Igi yẹn náà ni gbogbo ayé ń hú gbòǹgbò rẹ̀ fi fọ eyín, ló bá ń tán nínú igbó. Èmi ni mò ń wọ igbó tó wà láàárín Ìbàfọ̀ àti Mowé, tí mò ń yẹ abẹ́ ewé wò, tí mo sì ń fi ibi tí igi kọ̀ọ̀kan wà sínú máàpù, kí ọ̀gá lè fi bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n dá igbó náà sí. Owó tí mò ń gbà tó mi jẹun. Mo ti fi aṣọ òtútù rán awakọ̀ sí ìyá mi.

Ọyẹ́ mú níbí, ètè mi ti bẹ́. Ìyá Sìdí, onílé mi, nìkan ni mò ń bá sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀. Ní báyìí, àwọn náà kì í wò mí lójú dá mi lóhùn mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe jẹ́. Lọ́jọ́ tí mo dé, mo fi ayọ̀ sọ fún Bàbá Lámídì, olórí ìdílé tó ni igbó náà, pé ọmọ-ọmọ Sàlámátù ni mí, ìyá tó bí yín, tí wọ́n fẹ́ kúrò ní agboolé wọn lọ sí Ifọ̀. Wọ́n gbà mí tọwọ́ tẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo so àkísà pupa mọ́ igi orín ata kọ̀ọ̀kan, kí n má baà ka ẹyọ kan lẹ́ẹ̀mejì. Bàbá, ẹ mọ ohun tí aṣọ pupa lára igi ń wí. Ààlè ni wọ́n kà á sí. Wọ́n ní ẹ rán mi wá gba ìpín ìyá yín nínú ilẹ̀.

Mo ṣàlàyé títí. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan bi mí bóyá labalábá ni yóò wá jẹ́rìí mi ní kóòtù, gbogbo wọn sì rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá mi ì bá gbà mí sílẹ̀, ibà ti gbé e lọ sí ọsibítù ní Èkó. Mo yọ́ lọ tú àwọn àkísà náà, ìyẹn tún bà á jẹ́. Bàbá Lámídì bi mí pé kí ni mò ń sá fún. Ọjọ́ kejì ni wọ́n kó àdá wọ igbó. Wọ́n ní àwọn yóò gbin ẹ̀gẹ́ síbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó bá ti Ifọ̀ wá lè bá ẹ̀gẹ́ àwọn lórí ilẹ̀ àwọn.

Wọ́n ti ṣán apá Mowé, wọ́n ń dúró kí ó gbẹ. Bí oṣù tuntun bá ti lé, wọn yóò dáná sí i. Mo lọ síbẹ̀ lánàá. Ẹyin wà lábẹ́ ewé àwọn igi tí wọn kò tíì gé, àwọn kòkòrò kéékèèké tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde láti inú ẹyin sì ń jẹun lọ. Kò sí igbó mìíràn tí mo wò tí irú wọn ṣẹ́ kù sí bẹ́ẹ̀.

Bàbá, mo mọ̀ pé nítorí iṣẹ́ tíṣà tí mo kọ̀ lẹ ṣe ń bínú. Ẹ máa bínú lọ, ṣùgbọ́n ẹ wá. Ẹ wọ ọkọ̀ akẹ́rù, ẹ jókòó síwájú Bàbá Lámídì, kí ẹ sọ fún wọn pé ẹ kò rán mi, ẹ kò sì bèèrè ilẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu yín nìkan ni wọ́n ní àwọn yóò gbà gbọ́. Bí ẹ bá fẹ́ bá mi wí lójú gbogbo wọn, kò burú. Ẹ ṣáà sọ ọ́ kí iná tó dé.

Kí Ọlọ́run pa yín mọ́, kí ó fi ìlera fún ìyá mi, kí ó sì má jẹ́ kí n ké pè yín kí ẹ dákẹ́. Mo kí gbogbo ará ilé, tọmọdé tàgbà.

Èmi ni ọmọ yín tó ń wo ọ̀nà Ifọ̀,
Ràṣídá