Ọ̀dà Tí Òjò Gbé Wọ Odò

Ọjọ́bọ̀, oṣù Keje, 1971. Lẹ́bàá Àyèká.

Èmi ni mo ba odò jẹ́. Ọjọ́ mẹ́ta rèé tí mo ti ń sá fún gbólóhùn yìí, àní nínú ìwé tí ẹlòmíràn kò ní kà.

Ẹnjiníà tó ń darí iṣẹ́ ọ̀nà wa kìlọ̀ fún mi: "Fóómàn, ọ̀dà títì tí a fi kẹrosíìnì lú yìí ni kò ní jẹ́ kí àgbàrá wọ́ ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà lọ. Ṣùgbọ́n ẹ má fọ́n ọn bí òjò bá ṣú." Òjò ṣú, mo rí i. Mo ní kí àwọn òṣìṣẹ́ mi fọ́n ọn, ìkánjú ni. Òjò gbé gbogbo rẹ̀ wọ odò, níbi tí àwọn obìnrin rẹ ẹ̀gẹ́ tí wọ́n fẹ́ fi ṣe oúnjẹ pupuru sí.

Lónìí wọ́n da ẹ̀gẹ́ náà nù, ó ń rùn bí àtùpà. Ìyá Ẹbùn, ará etí òkun tó ń ta ẹja àti kẹrosíìnì, ni wọ́n ká mọ́.

"Ìwọ nìkan lo ń ta kẹrosíìnì níbí! Àbí ẹja rẹ ló da àtùpà nù?"

"Ẹ̀yin ìyá mi, odò tí mò ń mu ni n óò bà jẹ́?"

Baálẹ̀ ní kó kó ẹrù rẹ̀ kúrò nílùú lọ́la. Ìyá Ẹbùn rí mi. "Fóómàn, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n." Mo ki ọwọ́ bọ àpò, nítorí ọ̀dà wà ní èékánná mi.

Bí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ mi…

Lọ́la, kí ó tó di ẹrù rẹ̀, n óò lọ sọ́dọ̀ baálẹ̀. N óò gbé garawa ọ̀dà kan dání. Bí ẹnu mi bá kọ̀, kí wọ́n gbóòórùn kẹrosíìnì inú rẹ̀.