Nusaiba Kúnlẹ̀ fún Ìyá Ará Thailand

Alief, Houston
Oṣù Kẹrin, 1996

Sìkírátù àbúrò mi,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ àtàwọn ọmọ. Ṣé orúnkún rẹ ti fúyẹ́? Ẹ̀jẹ̀ mi ṣì ń ru, oògùn kò sì jẹ́ kí oúnjẹ wù mí.

Lọ́jọ́ Àìkú, Hameed ọmọ mi gbé wa lọ síbi àjọ̀dún oúnjẹ àwọn ará Thailand. Ẹ̀rù ẹran ẹlẹ́dẹ̀ bà mí, ìrẹsì àti máńgòrò nìkan ni mo jẹ. Ìyá arúgbó wọn kan kọ́ Nusaiba ọmọ-ọmọ mi bí wọ́n ṣe ń kí àgbà. Nusaiba kúnlẹ̀ fún un, ó pa ọwọ́ méjèèjì pọ̀, ó tẹrí ba. Inú mi dùn.

Nígbà tí a délé, mo ní, "Nusaiba, kúnlẹ̀ kí èmi náà."

Ó fèsì lédè Gẹ̀ẹ́sì pé, "Bàbá àgbà, àwa kì í ṣe ará Thailand!"

Hameed bú sẹ́rìn-ín. Èmi kò lè rẹ́rìn-ín. Nígbà tí Nusaiba wà ní kékeré, èmi ni mo ní kí wọ́n má fi ìkúnlẹ̀ kí àgbà yọ ọ́ lẹ́nu. Ó ti pé ọdún mọ́kànlá báyìí, ó sì dà bíi pé ẹ̀pa kò bóró mọ́.

Jọ̀ọ́, gbà á sọ́dọ̀ nílé lọ́hùn-ún ní ọlidé yìí, kí o kọ́ ọ bí àwa náà ṣe ń kí àgbà. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí a di àlejò lójú ọmọ wa.

Èmi ẹ̀gbọ́n rẹ,
Làtífù