Ẹyẹ Tó Kẹ̀yìn sí Ọkọ

Ọjọ́ kẹta, oṣù kẹta. Suzhou, ilẹ̀ Ṣáínà.
Ìwé àṣẹ dé láti olú-ìlú. Bàbá Tàdáwà di ìjòyè! Ọkọ mi, tí tàdáwà kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, lẹ́yìn gbogbo ìdánwò oyè tó ti fìdí rẹmi nínú wọn. Ipò kẹsàn-án — ìsàlẹ̀ pátápátá. Alábòójútó ibodè kan ní Yunnan, ìrìn oṣù mẹ́ta. Ó ní, "Ṣé a jọ ń lọ?" Mo ní kó jẹ́ kí n rò ó. Ilé iṣẹ́ ọnà abẹ́rẹ́ mi, àwọn ọmọ iṣẹ́ mi, ibí ni gbogbo wọn wà.

Ọjọ́ kẹrin, oṣù kẹta.
Èmi ni n ó fi òwú rán ẹyẹ àyà aṣọ oyè wa, tirẹ̀ àti tèmi; ẹyẹ yìí ló ń fi ipò ìjòyè hàn. Onípò kìíní ń lo ẹyẹ ẹlẹ́sẹ̀ gígùn. Mo ti ṣe é fún àwọn ìjòyè tí n kò rí sójú rí. Tiwa ni ẹyẹ kékeré onírù gígùn. Mo la òwú ìyẹ́ rẹ̀ títí ó fi tín-ín-rín ju irun orí lọ. Òwú tó bá nípọn kì í jẹ́ kí ìyẹ́ dán.

Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹta.
Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, Ata, yọjú. Ó wo ẹyẹ náà títí. "Ìyàwó wa, ológoṣẹ́ rèé, àbí eṣinṣin?" Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, eṣinṣin tó jẹ oyè ni." Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi da tíì sára.

Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kẹta.
Tèmi náà parí. Mo tẹ́ méjèèjì sórí àga kí Bàbá Tàdáwà lè rí wọn.

Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kẹta.
Kò jẹun. Àní ẹja odò tó fẹ́ràn jù!

Ọjọ́ ogún, oṣù kẹta.
Kò bi mí nípa Yunnan mọ́. Ó ń di ẹrù — aṣọ ẹnì kan ṣoṣo.

Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù kẹta.
Ata ló là mí lójú. "O ò bá fẹnu sọ ọ́ pé o ò lọ! O wá rán an sáyà?" Mo sáré lọ wo àwọn ẹyẹ náà. Yéè! Ọwọ́ ọ̀tún ọkọ ni ìyàwó ń jókòó sí. Ẹyẹ ọkọ á kọjú sọ́tùn-ún, ti ìyàwó á kọjú sósì, kí wọ́n lè máa wo ara wọn. Ṣùgbọ́n aṣọ ọkùnrin ló mọ́ mi lọ́wọ́ láti èwe. Ọ̀tún ni mo kọjú tèmi náà sí. Bí a bá jókòó lọ́jọ́ ìwúyè, ẹyẹ mi á kẹ̀yìn sí i níwájú gbogbo ẹbí. Ó rò pé èsì mi nìyẹn. Kò bínú o. Ó kàn dákẹ́, kí ojú má baà tì mí.

Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù kẹta.
Mo sọ fún un pé ọwọ́ ló ṣì. Ó ní, "Ọwọ́ ṣì. Ọkàn ńkọ́?"

Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, oṣù kẹta.
Mo ń tú ẹyẹ tèmi. Mo ń tún un rán. Ó jókòó tì mí, ó ń bá mi la òwú. Tàdáwà ọwọ́ rẹ̀ ba òwú funfun jẹ́. N kò lé e.

Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹta.
Ìwúyè. Ní òwúrọ̀ mo fi kọ́kọ́rọ́ ilé iṣẹ́ lé Qiaoyun, àgbà ọmọ iṣẹ́ mi, lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà a jókòó, ẹyẹ ń wo ẹyẹ. Bàbá Tàdáwà wo àyà mi, ó rọra ní, "Ó dára gan-an. Màá máa rántí rẹ̀ lọ́hùn-ún."
Mo ní, "Ẹ máa rántí kí ni? Bí wọ́n bá gbé yín ga ní Yunnan, ta ni ẹ fẹ́ kó ṣe ẹyẹ tuntun fún yín?"
Ó bú sẹ́kún níwájú gbogbo ẹbí. Ata kígbe láti ẹ̀yìn: "Ìjòyè, nu ojú rẹ! Omi ń kán sí ẹyẹ lára!"