Òrùka Pupa Lójú Kọ̀ǹpútà Mi

Òkè ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀,
Longbridge, Barking,
London.

Ọjọ́ Kejì, Oṣù Kẹsàn-án, 2025.

Alága Ìgbìmọ̀ Alábòójútó,
Gbọ̀ngàn Ìfọwọ́sowọ́pọ̀,
Becontree Heath, Dagenham.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀SÙN LÓRÍ BÍ BỌ̀DÁ GBÁDÉGẸṢIN ṢE PA KỌ̀ǸPÚTÀ MI LẸ́NU IṢẸ́, TÍ WỌ́N SÌ TI DÍSÌKÌ ONÍDÍSÌKÌ MỌ́LÉ

1. Mo kí yín o, àmọ́ inú ń bí mi. Orúkọ mi ni Kúnmi Abímbọ́lá. Ẹ béèrè mi láti Upney dé ọ̀dọ̀ yín níbẹ̀: kọ̀ǹpútà tí àwọn èèyàn bá ti jù síta, èmi ni mo máa ń gbé e, mo máa gbọn eruku ara ẹ̀, mo máa fi Línúsì sí i, ó di tuntun. Línúsì yìí, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, ọ̀fẹ́ ni. Ẹni tó bá wù ú lè ṣí inú ẹ̀ wò kó sì tún un ṣe bó ṣe fẹ́. Mi ò kàwé lọ títí, àmọ́ kò sí kọ̀ǹpútà tó béèrè sáfíkéètì lọ́wọ́ mi rí. Ẹ̀yin náà lẹ fún mi ní tábìlì ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ní gbọ̀ngàn yín, torí ẹ rí i pé iṣẹ́ yé mi.

2. Màmá Moṣọpẹ́ tó ń gbé ní Upney gbé láptọ́ọ̀pù ọkọ wọn wá fún mi. Bàbá ti kú. Nígbà tí wọ́n wà láyé, wọ́n máa ń gbàdúrà àárọ̀, wọ́n á gba ohùn ara wọn sínú ẹ̀, wọ́n á kọrin, wọ́n á wá pe orúkọ àwọn ọmọ. Màmá ò ní ohùn yẹn níbòmíì. Dísìkì tó wà nínú ẹ̀, tó ń tọ́jú gbogbo ohun tí wọ́n gbà sí i, sì ti fẹ́ bàjẹ́ tán, ó ń dún kẹ́kẹ́kẹ́ bí eyín ẹni tí òtútù mú. Mo yọ ọ́, mo so ó mọ́ kọ̀ǹpútà tèmi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í da àwọn ohùn náà kọ díẹ̀díẹ̀.

3. Onírúurú èèyàn ló ń wọ gbọ̀ngàn yín. Àdúrà olóògbé kì í ṣe ohun tí mo lè ṣí sílẹ̀ kí gbogbo wọn máa wò. Torí ẹ̀ ni mo ṣe fi ohun tó ń ti ojú kọ̀ǹpútà sí i. Tó bá ti tì í, iṣẹ́ inú á máa lọ, àmọ́ ojú ẹ̀ á funfun báláú. Tẹ páswọ́ọ̀dù tó tọ́, ó ṣí. Tẹ̀ ẹ́ ṣì, òrùka kan á yọ láàárín, á pọ́n, á sì lọ. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo tì í, mo jáde lọ gbé ọjà oníbàárà kan.

4. Bọ̀dá Gbádégẹṣin tó ń bójú tó gbọ̀ngàn, ọmọ ìjọ aláṣọ funfun ni wọ́n. Mi ò fi ìyẹn ṣe yẹ̀yẹ́ o. Aláṣọ funfun ni màmá tó bí mi, aṣọ pupa ò wọ ilé wa rí, èèwọ̀ ni. Dárasími tó ń ránṣọ ní tábìlì kejì ló ṣojú ẹ̀, òun ló sọ fún mi. Bọ̀dá rí ojú kọ̀ǹpútà tó funfun, wọ́n rò pé ó ti kú, wọ́n wá ń tẹ gbogbo bọ́tìnnì. Òrùka yọ, ó pọ́n. Wọ́n tún tẹ̀ ẹ́, ó tún pọ́n. Ni wọ́n bá figbe ta: “Ẹ̀jẹ̀ Jésù! Kí ni ọmọ yìí gbé wọlé? Dárasími, sáré gbé omi àdúrà wá!”

Dárasími ní, “Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ó kàn tì í ni o, ó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́.”

“Dákẹ́ ńbẹ̀! Ṣé ìwọ ò rí pupa ni?”

Wọ́n fa wáyà yọ lára ògiri. Bátìrì kọ̀ǹpútà yẹn ti kú tipẹ́, ojú ẹsẹ̀ ni gbogbo nǹkan dákẹ́. Ẹ̀yin Ọ̀gá, ẹ bá mi bi wọ́n: ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè yẹn, àwọ̀ wo ni?

5. Mo padà dé, mo bá kọ̀ǹpútà mi tí wọ́n kọjú ẹ̀ sógiri, Bíbélì wà lórí ẹ̀. Wọ́n gbé e lé mi lọ́wọ́, wọ́n ní mo fi nǹkan de kọ̀ǹpútà kí n lè fi lu opó ní jìbìtì. Èmi! Tí mo bá fẹ́ lu jìbìtì, ṣé dísìkì tó ń gbọ̀n jìgìjìgì ni màá gbára lé? Wọ́n lé mi síta lójú gbogbo èèyàn, wọ́n ní n ò gbọdọ̀ wọbẹ̀ mọ́, wọ́n sì ti dísìkì Màmá mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù.

6. Èyí ló ń dùn mí jù. Màmá fi orúnkún tó ń ro wọ́n yẹn wọ bọ́ọ̀sì lọ síbẹ̀. Bọ̀dá ní ẹni tó gbé nǹkan wá nìkan ló lè gbé e lọ. Ẹni tó gbé e wá rèé, wọn ò jẹ́ kó wọlé! Wọ́n wá lẹ ìwé mọ́ ilẹ̀kùn pé ọjọ́ Ẹtì yìí làwọn máa kó gbogbo ohun tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù fún àwọn tó ń fọ́ ẹ̀rọ. Àwọn àdúrà tí mo ti rí dà kọ, ti ìgbà àtijọ́ ni, Moṣọpẹ́ nìkan ni Bàbá pè níbẹ̀. Èyí tí wọ́n gbà lẹ́yìn tí wọ́n bí Ìrètí, àbígbẹ̀yìn wọn, inú dísìkì yẹn ló ṣì wà.

7. Torí náà, mò ń bẹ̀ yín, mo sì ń sọ ọ́ láìgbọ̀n: ẹ ní kí wọ́n ṣí kọ́bọ́ọ̀dù yẹn kó tó di ọjọ́ Ẹtì. Ọ̀rọ̀ tábìlì mi, a ṣì máa jà á. Tẹ́ ò bá fẹ́ rí ẹsẹ̀ mi nínú ilé, màá dúró síta nínú òjò, kí Dárasími gbé dísìkì náà jáde fún mi. Mo sì ti ṣí inú ohun tó ń ti ojú kọ̀ǹpútà yẹn, mo ti yí pupa ibẹ̀ sí àwọ̀ ojú ọ̀run. Bọ̀dá lè tẹ̀ ẹ́ ṣì títí ilẹ̀ á fi ṣú, wọn ò ní rí pupa mọ́. Àmọ́ títì ni màá máa tì í.

8. Ìrètí pè mí lánàá, ó ní ṣé ohùn bàbá òun ti jáde. Mo ní ó ku díẹ̀. Mo máa ń parọ́ fún àwọn oníbàárà nígbà míì, ẹ̀yin náà mọ̀. Ẹ má jẹ́ kí ti ọmọ yìí kún un.

Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ bá tètè dá mi lóhùn.

Èmi tí inú ń bí, àmọ́ tí mo ṣì jẹ́ tiyín,

Kúnmi Abímbọ́lá,
Ọ̀gá Àtúnṣe Kọ̀ǹpútà, gbogbo Longbridge.