Ìkíni Tó Ń Gba Ọwọ́ Ìyá Mi

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi ní gbogbo kíkí tí mo mọ̀, ṣùgbọ́n ẹ ò kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń kí ẹni tó ti lọ. Ẹ bá mi gba èyí bẹ́ẹ̀. Òjò ti bẹ̀rẹ̀ ní Òmù-Àrán. Mo lọ wo ilé yín ní Àrán-Ọ̀rin lọ́jọ́ Sátidé, kò jò. Mo ṣí fèrèsé tí ẹ máa ń gbé fóònù yín kọ́, torí ibẹ̀ nìkan ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń wọlé dáadáa. Okùn tí ẹ fi ń so ó ṣì wà lára irin. Mo ní kí n tú u, mi ò lè tú u. Mo kàn nu eruku ojú fèrèsé, mo sì ti ilẹ̀kùn.

Ọ̀rọ̀ èmi àti Bùọ̀dá ni mo fẹ́ bá yín sọ, àmọ́ inú kíláàsì mi ló ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ rántí bí ẹ ṣe máa ń bi mí pé kí ni mo tiẹ̀ ń kọ́ àwọn ọmọ gan-an. Bí mo bá ní kọ̀ǹpútà ni, ẹ ó ní ẹ ti gbọ́ ìyẹn, kí ni nínú kọ̀ǹpútà? Ó dáa. Ní sáà yìí, bí àwọn kọ̀ǹpútà ṣe ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ ni. Ẹ̀yin ì bá tètè gbọ́ ọ ju àwọn ọmọ náà lọ. Olúkúlùkù wọn ló ní àdírẹ́sì tirẹ̀. Bí ọ̀kan bá fẹ́ bá èkejì sọ̀rọ̀, á kọ́kọ́ kí i, èkejì á dáhùn, ẹni àkọ́kọ́ á wá jẹ́ kó mọ̀ pé òun gbọ́ ìdáhùn rẹ̀, kí ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Inú yín ì bá dùn sí ìyẹn, ẹ̀yin tí ẹ kì í dá ẹni tí kò bá kí yín lóhùn. Lẹ́yìn náà, wọ́n á gé ọ̀rọ̀ náà sí wẹ́wẹ́. Wọ́n á kọ ibi tó ti wá àti ibi tó ń lọ sára ẹyọ kọ̀ọ̀kan, wọ́n á fún un ní nọ́ńbà, kí ẹni tó gbà á lè tò ó bó ṣe yẹ. Èyí tó bá sọ nù lọ́nà, wọ́n á tún un rán.

Nínú yàrá kọ̀ǹpútà wa, kò sí èyí tí wáyà rẹ̀ lọ tààrà sọ́dọ̀ èkejì. Gbogbo wáyà ló lọ sínú àpótí pẹlẹbẹ kan lórí tábìlì, tí iná kéékèèké ń ṣẹ́jú lára rẹ̀. Suwíìṣì là ń pè é, kì í ṣe èyí tí a fi ń tan iná ilé o. Òun ló ń wo àdírẹ́sì ara ọ̀rọ̀, tó ń fi í ránṣẹ́ sí ẹni tó ni ín. Kí àwọn ọmọ lè rí i kedere, mo yọ iná rẹ̀. Kọ̀ǹpútà kankan ò bàjẹ́, wáyà kankan ò já, síbẹ̀ kò sí èyí tó rí èkejì mọ́. Ọmọbìnrin kan níwájú ní, "Àǹtí, a jẹ́ pé wọn ò mọ ara wọn tẹ́lẹ̀ nìyẹn." Àwọn tó kù bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin lẹ wá sí mi lọ́kàn, omi lé sí mi lójú, mo ní kí wọ́n máa ya ohun tó wà lójú pátákó.

Bí ẹ ṣe lọ tí ẹbí wa dákẹ́ náà nìyẹn, Màmá. Àwa méjì péré lẹ bí. Láti ìgbà tí Bùọ̀dá ti gé igi obì Bàbá, tó gbin kajú síbẹ̀, èmi àti ẹ̀ ò pe ara wa mọ́. Mo sọ tèmi, ó sọ tirẹ̀, ó gba Òkè-Ọdẹ lọ. Ṣùgbọ́n mi ò mọ̀ ọ́n bí ìjà, torí ẹ̀yin wà láàárín. Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú, ẹ ó pè mí, ẹ ó máa pariwo sínú fóònù bí ẹni tó ń pe èèyàn lókè odò. Ẹ ó ní Bùọ̀dá ní kí ẹ bá òun kí mi dáadáa, ó ní báwo ni tàwọn ọmọ. Èmi á kàn ní mo ti gbọ́. Nígbà mìíràn, ẹ ó ní kí n wá gbé iṣu, Bùọ̀dá ló fi ránṣẹ́. Mo máa ń sọ fún ọkọ mi pé ẹnu Bùọ̀dá nìkan ló le, inú rẹ̀ ò le.

Lẹ́yìn ìsìnkú yín, kò sí kíkí mọ́. Mo dúró dè é títí. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé bí mo bá pè é tí kò gbé e, a jẹ́ pé kò sí ẹni tó kù láyé tí èmi àti ẹ̀ jọ ń pè yín ní ìyá. Àmọ́ lẹ́yìn kíláàsì ọjọ́ yẹn, mo pè é.

Ó gbé e. A kí ara wa bí àlejò. Ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu mi, mo bá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún gbogbo kíkí àti gbogbo iṣu àtẹ̀yìnwá. Mo rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló lọ. Ó wá ní, "Iṣu wo?"

Mo ní, "Èyí tí ẹ máa ń fi rán Màmá ni."

"Mi ò rán Màmá níṣẹ́ sí ọ rí. Ìwọ lo máa ń ní kí wọ́n kí mi. Ìwọ lo fi fìlà òtútù yẹn ránṣẹ́ nígbà ọyẹ́."

Màmá, mi ò ra fìlà kankan.

Kí n má parọ́ fún yín, mo kọ́kọ́ bínú. Àpótí tó wà lórí tábìlì wa yẹn kì í tú ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ wò, kì í sì í fi tirẹ̀ kún un. Ẹ̀yin, ibi tí kò tilẹ̀ sí ọ̀rọ̀ rárá, ẹ dá a sílẹ̀. Níbo lẹ ti rí iṣu yẹn? Ta ló bá yín gbé e? Ọjọ́ wo ló dùn yín jù, tí ẹ wo ọwọ́ yín méjèèjì tí ẹ ò rí nǹkan kan bá dé láti ọ̀dọ̀ àwa ọmọ yín, tí ẹ sì tún kí wa? Ojú tì mí, ó tún ṣe mí bíi pé gbogbo ohun tí mo rò pé mo ní lọ́dọ̀ Bùọ̀dá ti tú ká.

Ṣùgbọ́n kò gbé fóònù sílẹ̀. Ó ní ṣé apá ọmọ mi Táyé tó kán ti jinná, ó ní ṣé èyí tó tẹ̀ lé e kò tíì máa jẹ ẹ̀wà síbẹ̀. Kí n tó mọ̀, èmi náà ti ń béèrè orúnkún rẹ̀ tó máa ń dùn ún bó bá ń gun òkè oko. Ta ló sọ fún mi? Ta ló sọ fún òun? Kíkí àti ẹ̀bùn nìkan lẹ dá sílẹ̀, Màmá. Ìròyìn tí ẹ ń gbé lọ gbé bọ̀, òótọ́ ni. Ọdún gbogbo tí a ò fi pe ara wa, ẹ ò jẹ́ kí a di àjèjì. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì yàrá kọ̀ǹpútà, mo ń sunkún, mo sì ń dá a lóhùn.

Ọ̀rọ̀ igi obì kò tíì tán o. Ó ṣì gbà pé òun ló jàre, èmi náà ò sì tíì gbà. Ó ṣáà sọ pé kajú náà ti so, pé kí n kó àwọn ọmọ wá wò ó nígbà ìsinmi. Mo ní a ó wá. Nígbà tí ó fẹ́ gbé fóònù sílẹ̀, ó sọ ohun tó ti mọ́ gbogbo wa lẹ́nu láti pẹ́. Ó ní, "Ó dáa, bá mi kí Màmá o."

Mo ń gbọ́ bó ṣe ń mí. Kò sọ pé òun ṣì í sọ, èmi náà ò rán an létí ohunkóhun. Mo ní mo ti gbọ́, màá jíṣẹ́.

Ìdí tí mo fi kọ̀wé sí yín nìyí. Bùọ̀dá kí yín, Màmá. Mi ò fi kún un, mi ò dá a sílẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló rán mi.

Èmi ni, ọmọ yín obìnrin,
tó fẹ́ràn yín títí dòní.